Àwọn òbí ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta ló wà nílé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Obáńtokò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àwọn òbí ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọn yóò dé, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni wọn yóò padà. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn wa ni wọn kò ti fojú kan àwọn ọmọ. Bàbá jẹ́ ẹni ọdún 76, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ara Màmá yá gágá ní tiwọn, wọn kì í jókòó sójú kan. Àwọn ọmọ: obìnrin ọdún 7, ọkùnrin ọdún 4, àti ọmọ ọwọ́ oṣù 5. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, yàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀.

Ọkọ mi ti to ètò sílẹ̀. Ó ní àárọ̀ Sátidé a ó gun Olúmọ, ọ̀sán a ó lọ sí OOPL, ilé ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́, ní Òkè-Mọ́sàn, ìrọ̀lẹ́ a ó yà kí àbúrò òun ní Àdìgbẹ. Ní Sọ́ńdè, ọgbà ẹranko FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìlú wa, kí wọ́n tó wọkọ̀. Mo wo ètò yìí, mo wo orúnkún Bàbá, mo wo ọmọ ọwọ́, àyà mi já. Ohun mìíràn ni pé òyìnbó ni àwọn ọmọ ń sọ jù, Màmá kì í sì í gbọ́ ọ. Wọ́n tún ti ránṣẹ́ pé àwọn ń gbé àgbo bọ̀ fún ọmọ ọwọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Aṣerò

Ẹ kú ìmúra àlejò o. Ẹ bá mi bẹ bàbá àwọn ọmọ kí wọ́n gé ètò yẹn sí méjì, kí wọ́n sì ju ìdajì nù. Àgbàlagbà tó wọkọ̀ láti Ìbàdàn kò wá wo ìlú, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá wò. Ìjáde kan lóòjọ́ ti tó, kó sì jẹ́ àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Tó bá fi máa di agogo mọ́kànlá, ẹ ti padà dé. Ẹ jẹun, kí gbogbo ilé sùn. Ẹ má fi oorun ọ̀sán yẹn ṣeré rárá. Ọmọ ọdún 4 tí kò sùn lọ́sàn-án, igbe rẹ̀ ni Bàbá yóò máa gbọ́ ní gbogbo alẹ́.

Yàrá tó bá sún mọ́ balùwẹ̀ jù lọ ni kí ẹ fún wọn. Ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ gbé ọmọ ọwọ́ sí èkejì, kí àwọn méjì tó kù tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Màmá yóò ní kí àwọn ọmọ wá sùn ti àwọn, pé kò séwu. Ẹ má gbà. Àgbàlagbà a máa jí lóru, ọmọdé a sì máa tàpá lójú oorun. Ẹ gbé àga oníke kan sí balùwẹ̀ kí Bàbá lè jókòó wẹ̀, ẹ máa nu ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, kí tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Ẹ mọ bí iná wa ṣe rí.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ dín ọbẹ̀ ata ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ bó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì sílẹ̀, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sí fíríìjì. Àmàlà, ẹ fi sílẹ̀ fún Màmá. Ìyá Ìbàdàn tó wọlé tí wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan orógùn, àlejò ni yóò máa pe ara rẹ̀ títí yóò fi lọ. Kí èlùbọ́ dúdú wà nílẹ̀ o. Láfún tiwa dùn, àwa Ẹ̀gbá la mọ adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e síwájú wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Awakọ̀ Láfẹ́ńwá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀. Ṣé rélùwéè ni wọn yóò wọ̀? Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ ní Mọ́níyà, ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè ní Ládẹ̀rín ni wọn yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tètè sọ ọ́ fún Bàbá, nítorí àwọn àgbàlagbà tó mọ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, Láfẹ́ńwá ni ọkàn wọn máa ń lọ. Ládẹ̀rín sí Obáńtokò kì í ṣe nǹkan kékeré. Kí ọkọ yín lọ pàdé wọn, tàbí kí ẹ gba takisí dírọ́ọ̀pù, kí ẹ sì dúnàá dúrà parí kó tó gbéra. Ẹ má gbé orúnkún tó ń dunni sórí ọ̀kadà. Ní Sátidé, bí ayẹyẹ bá wà ní gbọ̀ngàn June 12 ní Kútọ̀, ẹ má gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oògùn àti àgbo.

Oògùn Bàbá ni kí a kọ́kọ́ mú. Àwọn àgbàlagbà a máa di oògùn sínú ọ̀rá, wọ́n a sọ ọ́ sínú báàgì, tàbí kí wọ́n kó o sórí tábìlì kí wọ́n má bàa gbàgbé. Lójú ọmọ ọdún 4, súwìtì ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè fa ìfúnpá ọmọdé wálẹ̀ lójijì. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá tún ń lo ti àtọ̀gbẹ, irú kan wà nínú rẹ̀ tí hóró kan péré lè mú kí ṣúgà ara ọmọ já wálẹ̀ débi tí yóò fi dákú. Kí wọ́n tó tú ẹrù ni kí ẹ ti bèèrè oògùn, ẹ bá wọn gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó, kódà bó bá gun àga. Ẹnì kan ni kó máa rán Bàbá létí lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n má bàa lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọmọ bá sì gbé oògùn mì, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ gbé òun àti páálí oògùn náà lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le lójú yín.

Àgbo wàyí. Ọmọ oṣù 5, ọmú ìyá nìkan ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló sọ bẹ́ẹ̀: títí ọmọ yóò fi pé oṣù 6, omi lásán pàápàá kò sí níbẹ̀. Ikùn ọmọ kéré. Bí omi àti àgbo bá ti gba àyè ibẹ̀, kò ní mu ọmú tó bó ṣe yẹ. Omi tí kò bá mọ́ sì ń bẹ, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Oyin náà, kó má kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí èyí gba ọmọ lọ́wọ́ Màmá. Ẹ fún wọn ní ìwẹ̀ rẹ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, òrí díẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ pa á lára, kí wọ́n pọ̀n ọ́n kó sùn. Ohun tí ẹ ó fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má sọ ọmọ sókè, kí wọ́n má fi omi gbígbóná tẹ àwùjẹ̀ rẹ̀, kí omi má sì wọ ọ́ nímú.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, kó má wà lẹ́yìn fèrèsé wọn, kó má sì wà lọ́dẹ̀dẹ̀ òkè yín. Májèlé tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pani. Kí gbogbo wọn sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Bàbá Ìbàrà

Ẹ kú àpérò, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, bàbá àgbà sì ni èmi náà.

N kò fara mọ́ ọn pé kí ẹ yọ Olúmọ. Ìbàdàn ni àwọn Ẹ̀gbá ti ṣí wá síbí ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn. Ẹ wá wò ó: bàbá tó ti Ìbàdàn wá, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta, àwọn méjèèjì jọ dúró sí ẹnu ihò àpáta tí àwọn èèyàn sá pamọ́ sí lákòókò ogun. Afinimọ̀nà yóò sọ ìtàn tirẹ̀, Bàbá náà yóò sọ èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu bàbá tiwọn. Ọmọ ọdún 7 ti tó ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ létí.

Ṣùgbọ́n òkè náà ga, kì í ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀ ni kí orúnkún Bàbá máa bá jà. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbénisókè síbẹ̀. Ẹ bèèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀ fún Bàbá, kí wọ́n má bàa fọkàn sí i. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí Bàbá jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú èyí ọdún 4, kí ọkọ yín mú èyí ọdún 7 gòkè, kó wá ròyìn gbogbo ohun tó rí fún Bàbá. Kí Bàbá máa bi í ní ìbéèrè. Ọmọ tó ń ròyìn fún bàbá àgbà rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ tán.

OOPL ni kí ẹ yọ. Ibi tó dára ni, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀, ẹranko wà, ibi ìṣeré ọmọdé wà. Ilẹ̀ rẹ̀ ló gbòòrò, ìrìn rẹ̀ pọ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ nígbà ìsinmi wọn.

Ọ̀rọ̀ èdè ló ká mi lára jù. Kó tó di Jímọ̀, ẹ kọ́ wọn ní ìkíni: kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, "ẹ káàbọ̀", "ẹ kú ìrìn". Bí ọkùnrin bá ń tijú, ẹ má bá a jà lójú wọn. Yóò dọ̀bálẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Lẹ́yìn èyí, ẹ má di ògbufọ̀ láàárín Màmá àti ọmọ. Bí ẹ bá ti ń túmọ̀ fún wọn, ojú yín ni àwọn méjèèjì yóò máa wò, wọn kò ní wo ara wọn. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí wọn yóò jọ ṣe. Kí wọ́n jọ já ewédú, kí wọ́n jọ ṣa èérí inú ẹ̀wà. Ọwọ́ Màmá yóò máa ṣàlàyé ohun tí ẹnu wọn ń sọ, ọmọ yóò sì ti mọ ìjábẹ̀, ọlọ àti orógùn kí oúnjẹ tó jinná. Olùkọ́ kankan nínú kíláàsì kò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀, mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Ṣé àwọn ọmọ ní oríkì àbísọ? Bí wọn kò bá ní, Màmá ni kó fún wọn, yálà Àbẹ̀kẹ́ ni o, Àjọkẹ́ ni o, Àkànní tàbí Àlàó. Kí wọ́n máa fi jí ọmọ kọ̀ọ̀kan láàárọ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ki oríkì orílẹ̀ ilé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ọkọ yín gan-an lè má mọ̀ ọ́n parí.

Lálẹ́, bí iná bá lọ, ẹ má sáré tan jẹnẹrétọ̀. Àkókò àlọ́ nìyẹn. Kí Bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpamọ̀: òkun ń hó yeeye, ọ̀sà ń hó yeeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ọmọ tó ti dúró ti Màmá níbi tí wọ́n ti ń ro àmàlà yóò mọ̀ pé orógùn ni. Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́? Ahọ́n ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà pa tiwọn, bí kò tilẹ̀ nítumọ̀.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Bàbá ni gbogbo yín ń rò. Màmá tí kì í jókòó ńkọ́?

Ìtòkú kò jìnnà sí Olúmọ. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, kí ọkọ yín gbé Bàbá àti ọkùnrin lọ sílé, kí ẹ̀yin tàbí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán mú Màmá àti èyí obìnrin wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ má gbé ọmọ ọwọ́ wá, èrò Sátidé pọ̀. Àdìrẹ tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe ló kún ọjà báyìí, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ẹ tẹ́ ẹ síwájú Màmá kí ẹ dákẹ́. Òpó gbọ̀ngàn Màpó ló wà nínú àwòrán rẹ̀. Àwọn ìyá tí ọjọ́ orí wọn tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ró o rí, wọn yóò máa fi ìka tọ́ka sí i fún ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa nájà fúnra wọn. Ẹ má dá sí i pé "Màmá, ó ti tó". Ìgbádùn ọjà nìyẹn, àwa tí à ń tà gan-an fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyàwó Obáńtokò

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ọkọ mi. Ó ti gbà: OOPL kúrò, Àdìgbẹ kúrò, àbúrò rẹ̀ ni yóò wá kí wọn nílé. Ó ṣì ń di ọgbà ẹranko Sọ́ńdè mú.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí kò jẹ́ kí n sùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àgbo yìí? Ìyàwó ilé ni mí. Bó bá ti ẹnu mi jáde, wọ́n á ní ìwé ló ń gùn mí.

Ìyá Ìbejì Aṣerò

Kò gbọdọ̀ ti ẹnu yín jáde rárá. Ọmọ wọn ni kó sọ ọ́, kó sì sọ ọ́ lórí fóònù kí wọ́n tó kúrò ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ti se àgbo, tí wọ́n ti rọ ọ́ sínú ìgò, tí wọ́n ti rù ú dé ibí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Màmá Ìjẹ̀mọ̀

Ìyá ọkọ ni èmi fúnra mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lọ́kàn wa.

Ìfẹ́ ni àgbo yẹn. A se é fún bàbá ọmọ nígbà tí òun náà wà lọ́mọ ọwọ́, ó mu ún, ó dàgbà, ó di ọkọ yín. Bí ẹ bá wá sọ pé àgbo kò dára, ohun tí etí wa ń gbọ́ ni pé a kò tọ́ ọmọ dáadáa. Nítorí náà, kí ọkọ yín má sọ̀rọ̀ àgbo ní rere tàbí ní búburú. Kó sọ pé, "Màmá, níbi tí a ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ní ọmú nìkan títí yóò fi pé oṣù 6. Bó bá tó àkókò oúnjẹ, ẹ̀yin lẹ ó sọ bí a ó ṣe bẹ̀rẹ̀." Kí ẹ sì mú un ṣẹ o. Ẹ pè wọ́n bí oṣù 6 bá pé, kí wọ́n sọ bí ògì náà yóò ṣe kì tó. Ìyá tí wọ́n pè báyẹn, ẹ̀yìn yín ni yóò wà títí.

Ẹ má tún nǹkan ṣe lẹ́yìn wa. Bí mo bá fọ abọ́, tí ìyàwó yọ́ lọ tún un fọ̀, mo ti rí i. Bí mo bá wé ọmọ láṣọ tí kò bá èyí tí ẹ yàn mu, ẹ fi sílẹ̀, aṣọ ni.

Bí Bàbá bá bá ọmọ wí, ẹ má gbèjà rẹ̀ lójú Bàbá. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ di ti ẹgba, ọkọ yín ni kó dìde gbé ọmọ kúrò níbẹ̀, kó sì bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ láàárín àwọn méjèèjì.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ni mo fẹ́ fi kún un. Ọmọ ọmọ, ọmọ ọmọ, ni gbogbo yín ń wí. Ọkọ yín ńkọ́? Ọmọ wọn ni. Òun náà ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Bí gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi jẹ́ pé ó ń wakọ̀, ó ń ra omi, ó ń sá sókè sá sódò, wọn yóò padà láìrí i. Kó jókòó ti Bàbá ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, láìsí fóònù lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ bá Màmá jókòó ní ilé ìdáná. Ẹ béèrè bí ọkọ yín ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 4. Wọ́n ti ń dúró de ẹni tí yóò béèrè.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà

Màmá, ẹ ṣeun. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn ló yẹ kí àwa náà máa sọ ọ́ fún àwọn ìyá ní kílíníìkì.

Ìyàwó Obáńtokò

Mo ti gbé fóònù fún ọkọ mi, ó ti bá Màmá sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ní kó sọ ọ́. Wọ́n ní kò burú, pé kí a ra òrí gidi sílẹ̀ nìyẹn, pé àwọn yóò wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ bá mi dúpẹ́!

Ó ku ọgbà ẹranko Sọ́ńdè. Ẹ̀yin awakọ̀, ṣé ó ṣeé ṣe?

Awakọ̀ Láfẹ́ńwá

Láti Obáńtokò, kí ẹ dé Káǹpù, kí ẹ yà sí ọ̀nà Àlábàtà, ẹ ti dé FUNAAB. Ìyẹn kò le. Ibi tó ti le ni pé ẹ ó tún yípo padà la ìlú kọjá lọ sí Ládẹ̀rín, pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ tó ti rẹ̀. Bí ọkùnrin bá fẹ́ rí ẹranko dandan, kí bàbá rẹ̀ mú un lọ ní Sátidé mìíràn. Ẹ jẹ́ kí Sọ́ńdè jẹ́ ti oúnjẹ àti ìdágbére.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, kí ẹ tún fìdí àkókò ọkọ̀ múlẹ̀, nítorí wọ́n lè yí i. Kí wọ́n mú káàdì ìdánimọ̀ wọn dání. Ẹ tètè dé ibẹ̀, kí Bàbá lè rọra rìn. Ẹrù tí ẹ fẹ́ dì fún wọn, ìrẹsì Ọ̀fàdà ni o, láfún ni o, àdìrẹ Màmá ni o, inú báàgì kan ṣoṣo tó ní táyà ni kí ó wà. Ẹ má fún wọn ní ọ̀rá pélébé-pélébé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹnì kan sì dúró dè wọ́n ní Mọ́níyà.

Ìyàwó Obáńtokò

Ọgbà ẹranko ti kúrò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yóò dúró dè wọ́n ní Mọ́níyà. Mo ń lọ sí Kútọ̀ báyìí lọ ra èlùbọ́.

Ìyá Ìbejì Aṣerò

Ẹ fi díẹ̀ sẹ́nu kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n fún yín. Bí iyanrìn bá ń rún leyín, ẹ lọ sí iwájú, alátẹ tó kù pọ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dé e pa kí ọ̀rinrin má wọ̀ ọ́.